Ibi tó yẹ kí ẹ̀rín ti jáde nínú fíìmù akọni, àti ibi tí kò yẹ

Ọmọ Olósùnta, Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ilé. Mo tún wo Thor: Ragnarok lópin ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: ọdún 2017 ló jáde, Taika Waititi ló darí ẹ̀. Nígbà tó ń parí lọ, Asgard, ìlú bàbá Thor, akọni fíìmù náà, tí wọ́n ti ń fi hàn wá láti 2011, jóná, ó sì fọ́ yángá. Àwọn ará ìlú tó ṣẹ́kù wà nínú ọkọ̀ lókè, wọ́n ń wo ilé wọn bó ṣe ń run. Korg, ọ̀rẹ́ Thor tí gbogbo ara ẹ̀ jẹ́ òkúta, wá ń tù wọ́n nínú pé tí ìpìlẹ̀ bá ṣáà ti dúró, àwọn á tún un kọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀ tí ìpìlẹ̀ fi bú gbàù. Ló bá ní ìpìlẹ̀ náà ti lọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Gbogbo àwọn tá a jọ ń wò ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rí i rín. Odidi ìlú ló run yẹn! Bí iná bá jó ilé ẹnì kan ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, tí onílé káwọ́ lérí síta, ta ló máa lọ dúró tì í kó máa dápàárá? Nígbà tí Thor: Love and Thunder sì dé ní 2022, ó wá kọjá bẹ́ẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ ń pa Jane Foster, obìnrin tí Thor fẹ́ràn. Òòlù tó ń gbé jà gan-an ló ń fa okun tó yẹ kó fi bá àìsàn náà jà gbẹ. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ wọni lára báyìí, ewúrẹ́ méjì kan á figbe ta, gbogbo ẹ̀ á sì dà nù.

Mi ò ní kí akọni má ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Ẹ wo M'Baku, olórí àwọn ará orí òkè, nínú Black Panther ti 2018. Àwọn ará ilé T'Challa, ọba tó jẹ́ akọni inú ẹ̀, wá a lọ sórí òkè, wọ́n ń wá ìrànlọ́wọ́. Òyìnbó Amẹ́ríkà tó tẹ̀ lé wọn fẹ́ máa sọ̀rọ̀, M'Baku sì halẹ̀ mọ́ ọn pé òun á fi í fún àwọn ọmọ òun jẹ. Ojú òyìnbó yí padà. Ìgbà yẹn ni M'Baku bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀fọ́ làwọn ń jẹ, àwọn kì í jẹ ẹran. Ẹ̀fẹ̀ yẹn sọ irú èèyàn tí M'Baku jẹ́ fún wa: ó mọ̀ pé wọ́n ń fojú ẹhànnà wo òun, ó sì fi ìbẹ̀rù wọn ṣeré.

Ẹ̀fẹ̀ tó ń fi ìwà hàn, mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀fẹ̀ tó ń lé ìbànújẹ́ jáde kó tó jókòó, mi ò fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o, àmọ́ n kò ní gbà pẹ̀lú yín lórí èyí.

Ẹ rántí Thor: The Dark World ti 2013. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀fẹ̀ nínú ẹ̀, ojú gbogbo wọn le koko, ta ló sì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí? Ragnarok ló jẹ́ ká mọ̀ pé Chris Hemsworth, tó ń ṣe Thor, mọ èèyàn pa lẹ́rìn-ín. Ká tó rí i nínú fíìmù yẹn, igi tó ní irun gígùn ni Thor.

Èkejì, ẹ sọ pé ta ló ń dápàárá níbi àdánù. Àwa náà ni! Ẹ lọ síbi òkú àgbà ní Èkìtì yìí, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí àwọn àna àti àwọn ọmọ-ọmọ ń sọ nípa olóògbé: bó ṣe ń ṣahun, bó ṣe ń hanrun, bó ṣe máa ń fi ẹran pamọ́ sábẹ́ iyán. Ẹni tó ń sọ ọ́ ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú ẹ̀. Ẹ̀rín kì í lé ìbànújẹ́ jáde nígbà gbogbo.

Ẹ̀kẹta, Tony Stark, ẹni tó ń jẹ́ Iron Man. Láti inú Iron Man ti 2008 ni ọkùnrin yẹn ti ń dápàárá, kò sí ewu tó dé tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó wá ń kú lọ nínú Avengers: Endgame ní 2019, kò rí nǹkan kan sọ mọ́, àfi orúkọ ìyàwó ẹ̀ tó pè. Bí kì í bá ṣe gbogbo àpárá tó ti ń dá bọ̀, ìdákẹ́jẹ́ yẹn kì bá tí wọ̀ wá lára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ọdún mọ́kànlá ló ra ẹkún ọjọ́ yẹn.

Tísà Ìkọ̀lé

Ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi, ẹ̀yin méjèèjì. Iṣẹ́ tísà ni mo ń ṣe, eré ìtàgé sì wà lára ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n mú Baba Sala wọ inú ọ̀rọ̀ yìí.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó lọ ní 2018. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá a lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ rántí aago ńlá, tàì ńlá, àti awò tó fẹ́ gba gbogbo ojú tán. Ẹ rántí nǹkan kan mọ́ ọn: Baba Sala kì í rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ lòun ń ṣe. Bí owó ẹ̀ bá sọ nù, ó sọ nù lóòótọ́, ara ẹ̀ á máa gbọ̀n. Ahun ni, ọ̀rọ̀ owó sì ni ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú lójú ahun. Àwa tá a ń wò ó là ń dà ṣubú.

Mr Bean náà nìyẹn. Ẹ wo ti Kérésìmesì tó jáde ní 1992, níbi tí aago ọwọ́ ẹ̀ ti bọ́ sínú tòlótòló tó ń kó nǹkan sí nínú. Ó fẹ́ yọjú wo ibi tí aago wà, ni orí ẹ̀ bá há síbẹ̀. Rowan Atkinson, tó ń ṣe Bean, ò sọ ọ̀rọ̀ kan tó pa ni lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Aago ló ń wá! Tọkàntọkàn ló fi ń wá a.

Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ fíìmù akọni ni pé àwọn ènìyàn inú ẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń pa wá lẹ́rìn-ín. Wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á sì dúró díẹ̀ kí ẹ̀rín wa lè jáde. Ojú wa ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ọ̀tá tó wà níwájú wọn. Ibẹ̀ ni mo rò pé inú Ọmọ Olósùnta ti ń bà jẹ́. Korg ò sunkún ìlú, ó ń bá àwa sọ̀rọ̀. Àmọ́ àbúrò mi tó wà l'Ọ́yẹ̀ẹ́ náà gbá a mú lórí Tony Stark: àpárá tiẹ̀ ni asà tó fi ń bo ẹ̀rù. Ìwà ni. Bí ẹni tó ń dápàárá bá ní ìdí tirẹ̀ tó fi ń dá a, kò sí ibi tí kò ti lè dá a.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Kátúùnù ni tèmi, torí òun ló ń ṣiṣẹ́ nílé mi láti àárọ̀ dalẹ́ bí àwọn ọmọ bá ti gba ọlidé.

Mo fi The Lion King ti 1994 han àwọn ìbejì mi, lẹ́yìn náà mo fi ti 2019 hàn wọ́n, èyí tí kìnnìún inú ẹ̀ dà bíi kìnnìún gidi. Nínú ti àtijọ́, nígbà tí Mufasa kú, Simba ọmọ ẹ̀ lọ ń fà á létí, ó ní kó dìde ká lọ sílé. Nígbà tí kò dìde, ó gbé ọwọ́ bàbá ẹ̀, ó sì rá pálá wọ abẹ́ ẹ̀ lọ sùn. Táyé bú sẹ́kún. Kẹ́hìndé dúró, kò sọ̀rọ̀, ó kàn wá jókòó ti ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ nínú ti 2019, Táyé yíjú sí mi, ó ní, "Mọ́mì, ṣé kò mọ̀ pé bàbá òun ti kú ni?"

Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Ohùn ọmọ kìnnìún náà ń sunkún, ojú ẹ̀ ò sunkún. Gbogbo irun ara ẹ̀ ni mo lè kà, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Àmọ́ ọmọdé ò wo irun.

Ó sì máa ń dùn mí tí àwọn ọkùnrin ilé wa bá ń sọ pé kátúùnù ni ti ọmọdé. Ẹ wo Up ti 2009. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọkùnrin kan àti ìyàwó ẹ̀ gbé ayé wọn láti ọjọ́ ìgbéyàwó títí obìnrin náà fi kú, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n ti kun yàrá ọmọ tán, tí dókítà wá sọ fún wọn pé ọmọ ò ní sí: èwo nínú fíìmù àgbàlagbà tí ẹ ń wò ló sọ ìrora àìríbí báyẹn, láìpariwo, láìsí ìyá ọkọ tó ń bú èèyàn?

Ayàwòrán Adó

Ìyá Ìbejì, ọmọ yín ríran. Àwòrán ni iṣẹ́ mi, mo sì ń fi kọ̀ǹpútà mú un rìn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Kìnnìún gidi kì í fi ìpéǹpéjú àti ètè sọ ìbànújẹ́ bíi tèèyàn. Àwọn tó ya ti 1994 rẹ́ kìnnìún jẹ kí wọ́n lè rí ojú èèyàn fi sí i. Jon Favreau, olùdarí ti 2019, àti àwọn tó bá a ṣe é pinnu pé gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ jọ ti inú igbó. Bó o bá ti yàn bẹ́ẹ̀, o ti pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ojú tó ń sunkún. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Èyí tó bá mọ ohun tí àwòrán wà fún ni Spider-Man: Into the Spider-Verse, 2018. Lójú tèmi, kò sí fíìmù akọni tó dára tó o, ì báà jẹ́ ti èèyàn ì báà jẹ́ ti kátúùnù. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí wọ́n dá. Àwòrán 24 ni fíìmù máa ń fi hàn wá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí Miles Morales, ọmọ ilé ìwé, kò tíì mọ agbára tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ lára lò, àwòrán 12 ni wọ́n ń yà fún un láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà, wọ́n á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì. Peter Parker, Spider-Man tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, 24 ni tiẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń fò láàárín igi, ọ̀kan ń ṣàn, èkejì ń kọsẹ̀. O lè má mọ ìdí ẹ̀, ara ẹ á sọ fún ẹ pé ọmọ yìí ò tíì tó.

Lẹ́yìn náà ló wá dé ibi tó ti fo láti orí ilé gíga. Ọwọ́ ẹ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì torí ẹ̀rù ṣì ń bà á, ó fo síbẹ̀síbẹ̀, gíláàsì náà sì fọ́ tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rù ò tíì lọ, ó ti fo. Wọ́n fi àfọ́kù gíláàsì sọ ọ́.

Ẹ̀fẹ̀ sì pọ̀ nínú fíìmù yẹn o, Ọmọ Olósùnta! Ẹlẹ́dẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ Spider-Man. Àmọ́ nígbà tí Aaron, arákùnrin bàbá Miles, ń kú, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ kankan nítòsí.

Ọmọ Olósùnta, Ìkẹ́rẹ́

Ayàwòrán, ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ohun tí mò ń wá. Ẹlẹ́dẹ̀ ní àyè tiẹ̀, ikú ní àyè tiẹ̀.

Tísà, ẹ ṣeun. Pé Baba Sala kì í rẹ́rìn-ín, mo ti ń ronú lé e látàárọ̀. Mo wá rí i pé ohun tó mú kí Joker tí Heath Ledger ṣe nínú The Dark Knight ní 2008 bani lẹ́rù ni pé ẹ̀rín ẹ̀ kì í bá tiwa mu. Ó ń rín níbi tí a ò ti lè rín. Ọkùnrin náà kú kí fíìmù tó jáde, wọ́n fi Oscar dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú, ó sì tọ́ sí i.

Oníṣọ́ọ̀bù Ìdó

Mo kí gbogbo yín o. Èmi ni mò ń kó fíìmù sí mẹ́mọ́rì fún àwọn ará ìlú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn oníbàárà ń bi mí, torí ẹ̀yin ń sọ ti Oscar.

Àwọn ọmọkùnrin ilé ìwé: Avengers àti Spider-Man, kò tán rí. Wọn kì í bèèrè olùdarí, "Ta ni ákítọ̀? Ta ni bọ́ọ̀sì?" ni wọ́n ń bèèrè, ìyẹn akọni àti olórí ọ̀tá ẹ̀. Ákítọ̀ kì í kú lójú tiwọn, ìdí nìyẹn tí Endgame fi dà wọ́n láàmú. Àwọn ìyá: Fúnkẹ́ Akíndélé, èyíkéyìí tó bá ṣe. Láti ìgbà Jẹ́nífà ti 2008 ni. Ẹ má sì gbàgbé pé A Tribe Called Judah tiẹ̀, tó jáde ní December 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Àwọn bàbá: Jackie Chan, Mr Bean, Aki àti Pawpaw. Tó bá di Kérésìmesì, gbogbo ilé ló ń bèèrè Home Alone, èyí tí ọmọ kékeré kan dá nìkan wà nílé tó sì na olè méjì. 1990 ni fíìmù yẹn, kò tíì di àgbà.

Ẹ̀fẹ̀ ló ń tà jù. Àwọn èèyàn ti rí wàhálà tó ní òde kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Tísà Ìkọ̀lé

Oníṣọ́ọ̀bù, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ẹ, mo sì mọ̀ pé ebi ń pa ìdílé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́ níbí yìí. Nígbà tí Baba Sala ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, tí Ọlá Balógun darí ẹ̀, àwọn kan jí i, wọ́n dà á sí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri. Gbogbo owó tó fi sínú fíìmù yẹn wọmi, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọkùnrin tó pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín! Ta fíìmù òkèèrè bó o bá máa tà á, mi ò gbè ọ́ síbẹ̀ náà, àmọ́ ti Fúnkẹ́ àti ti Fẹ́mi Adébáyọ̀, jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n rí owó wọn jẹ.

Oníṣọ́ọ̀bù Ìdó

Tísà, mo gbọ́ yín. Ẹni tó fẹ́ sanwó Netflix á kọ́kọ́ ra dátà, á ra epo sí jẹnẹrétọ̀, kó tó wo nǹkan kan. Ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣe fíìmù kí wọ́n fi tiwọn lé wa lọ́wọ́ ní ọ̀nà tó tọ́, kí wọ́n bu owó lé e, àwa náà á tà á ní ọ̀nà tó tọ́. Títí di ìgbà yẹn, ẹni tó bá bi mí léèrè ti Fúnkẹ́, màá sọ ibi tí wọ́n ti ń wò ó fún un.

Baba Ẹfọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ó dùn ún kà.

Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Gbogbo akọni tẹ́ ẹ dárúkọ, èwo ló ti Èkìtì wá? Òkè-Ìmẹ̀sí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa níbí. Níbẹ̀ ni Fábùnmi ti dìde ní ìparí àwọn ọdún 1870, tó pa ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi jẹ lé wọn lórí, tí iná ogun Kírìjì fi ràn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀, Ògèdèngbé Ìlẹ́ṣà ni balógun wọn. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, ìró ìbọn yẹn ló fún ogun náà lórúkọ. Ó di 1886 kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà. Ṣé ẹ ń sọ fún mi pé fíìmù ò sí níbẹ̀?

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, àkẹ́kọ̀ọ́ yẹn sọ nǹkan kan tó kù díẹ̀ kó parí ẹ̀. Ẹ gbọ́ bí àwọn oníjàlá ṣe ń kì ọdẹ. Wọ́n á yìn ín pé ó pa ẹfọ̀n, wọ́n á sì tún sọ pé ojú ẹ̀ ò dára, pé ó ń jẹun jù. Inú ọdẹ náà á máa dùn. Àmọ́ ẹlòmíràn ló ń fi akọni ṣẹ̀fẹ̀. Akọni fúnra ẹ̀ dúró, ó ń wo iwájú. Ìyẹn ló sọnù nínú èyí tí ẹ ń sọ: akọni ń ṣe akọni, ó tún ń ṣe onísọ̀rọ̀-ìṣẹ̀fẹ̀ ara ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́

Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn o. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ bá mi fi kún un pé nínú Black Panther, ẹni tó ṣe orin ẹ̀, Ludwig Göransson, lọ sí Senegal, ọ̀dọ̀ Baaba Maal, olórin ibẹ̀, ó sì mú ìlù tama bọ̀. Ìlù tó ń fọhùn bíi gángan wa ni. Ìlù ló ń kéde T'Challa bó ṣe ń bọ̀, òun fúnra ẹ̀ ò pariwo. Orin yẹn gba Oscar.

Àwọn tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀ o. Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ jáde lórí Netflix ní 2023. Ní ti kátúùnù, Iwájú wà, tí Disney àti ilé iṣẹ́ Kugali jọ ṣe, ó jáde ní 2024, apá mẹ́fà. Ní 2019 ni àwọn Kugali sọ fún BBC pé àwọn máa na Disney, Disney gbọ́, ó sì ní kí wọ́n wá ká jọ ṣiṣẹ́! Ìlú Èkó ọjọ́ iwájú ni ìtàn náà. Ọmọ olówó ni Tọ́lá, Kọ́lé ò ní nǹkan kan ṣùgbọ́n orí ẹ̀ pé sí ẹ̀rọ, alángbá ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Ọ̀tín ń ṣọ́ Tọ́lá. Ní 2025, Iyanu ti Roye Okupe tún dé, ọmọbìnrin aláìlóbìí tó ní agbára láti ọ̀run, ilẹ̀ Yorùbá ló wà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú Iwájú ni pé Bọ̀dé, bọ́ọ̀sì inú ẹ̀, kì í ṣẹ̀fẹ̀ rárá. Ajínigbé ni, wọ́n sì jẹ́ kó bani lẹ́rù.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò

Àwọn ìbejì mi wo Iwájú, wọ́n fẹ́ràn alángbá yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ. Ohùn ará Èkó ni, mo gbà, ó sì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn ọmọ mi ti ń sọ ọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà láti ara kátúùnù, màmá mi ò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́.

Disney sọ The Lion King ti 1994 di èdè Zulu. Wọ́n sọ Moana di èdè Tahiti, wọ́n sì sọ ọ́ di èdè Māori ní 2017. Àwọn tó ń sọ èdè Tahiti, wọ́n pọ̀ tó àwọn ará Èkìtì nìkan ni? Kí ló dé tí kò fi kan Yorùbá?

Ayàwòrán Adó

Ìyá Ìbejì, ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wa máa bi wọ́n nìyẹn. Àmọ́ ká má dúró dè wọ́n. Iṣẹ́ kátúùnù gígùn wọ́n lóòótọ́. Lady Buckit and the Motley Mopsters tí Adébísí Adétayọ̀ darí ní 2020 ni wọ́n kà sí kátúùnù gígùn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ó sì gbà wọ́n ní agbára. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin, èèyàn díẹ̀ lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà kan. Bí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Fábùnmi kọ́ o, Bàbá, ẹ má bínú. Ogun ń fẹ́ èrò, èrò ń fẹ́ owó. Ìjàpá ni.

Àlọ́ tí Ìjàpá ti lọ gba oògùn oyún fún Yánníbo lọ́dọ̀ babaláwo. Wọ́n ní kó má tọ́ ọ wò. Ọ̀nà ló ti jẹ ẹ́ tán, ikùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ó wá sáré padà, ó ń kọrin bẹ babaláwo, alugbinrin. Ẹ̀yin náà wò ó: Ìjàpá ń kú lọ lóòótọ́, ó sì ń pa gbogbo ọmọdé lẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tá a ti ń jà lé látàárọ̀ ló wà níbẹ̀.

Tísà Ìkọ̀lé

Ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni irọ́ tó ń pa nínú orin náà. Ó ní òun kọsẹ̀ ni, òun fi ọwọ́ kan ilẹ̀, òun sì fi ọwọ́ kan ẹnu. Ikùn ti wà níwájú ẹ̀, ó ṣì ń sọ pé ọwọ́ lásán lòun fi kan ẹnu! Bẹ́ ẹ bá yà á, ẹ má jẹ́ kó ṣẹ́jú sí wa o. Kó gba irọ́ ẹ̀ gbọ́.

Ayàwòrán Adó

Tísà, bí mo ṣe rí i lójú ara mi nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá kọrin, ohùn ẹ̀ á dán, á máa sáré. Bó ṣe ń kọ ọ́ léraléra, ikùn á máa ga, màá máa dín àwòrán tó wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kù, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa wọ́. Ní ìgbà tó kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ orin ò ní yí padà, àmọ́ kò ní lè mí délẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń gberin dákẹ́ níbẹ̀, kó ku òun nìkan.

Ọmọ Olósùnta, Ìkẹ́rẹ́

Kí wọ́n má dákẹ́! Jẹ́ kí wọ́n máa gbè é tẹ̀ríntẹ̀rín, kí àwa tá à ń wò rí i pé ó ń kú nígbà tí wọn ò tíì mọ̀. Bó o bá mú wọn dákẹ́, ìwọ lo sọ fún wa pé ká banú jẹ́.

Baba Ẹfọ̀n

Mo fara mọ́ ti Ìkẹ́rẹ́. Bí ìyá mi ṣe ń pa á fún wa nìyẹn, a ò dákẹ́ rí. Àgbà ló ń dá a, ọmọdé ló ń gbè é. Ẹ wá ọmọdé gidi tó máa gbè é, ọmọ tó ń sọ Èkìtì nílé, ẹ má fi àgbàlagbà ṣe ohùn ọmọdé. Ìyá Ìbejì, ṣé àwọn ìbejì yẹn lè kọrin?

Ìyá Ìbejì, Ìjerò

Wọ́n lè kọ ọ́, Bàbá. Kẹ́hìndé ni kẹ́ ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀, Táyé á tètè máa rẹ́rìn-ín jù. Ayàwòrán, bá mi sọ iye ìgbà tí wọ́n máa gbè é, kí n lè gbà á sórí fóònù fún ọ kí wọ́n tó wọlé padà sílé ìwé.